Poro Tó Dojú Kọ Ọ̀sà

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí Ṣàrífátù gbé abọ́ eérú dé òkè oko ẹ̀fọ́ rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn sójú poro bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sára ẹja. Mùílíù, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí oko tirẹ̀ fara kan tiẹ̀, ń gòkè bọ̀ láti ìdí kànga. Ó dúró, ó gbé agolo ìbomirin méjèèjì kalẹ̀, ó ń wò ó.

"Ìyàwó wa, èèrà ni àbí ìgbín?"

"Kò sí èyí tó jẹ́ níbẹ̀, ọkọ mi. Omi ni mò ń ṣọ́."

Mùílíù nawọ́ sí ọ̀sà tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn. Ó ní omi nìyẹn, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì múra àtilọ síbì kan, kí ló wá kù tí wọ́n ń ṣọ́ lára rẹ̀. Ṣàrífátù gba agolo kan nínú méjèèjì, ó sì da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ gbàà níbi tí eérú ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Dáà sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé e dé ìdí eérú. Dáà ni olórí ìdílé apẹja tó ni ilẹ̀ etí ọ̀sà náà, lẹ́yìn Agblangandan, níbi tí ariwo zẹmijan, àwọn ọ̀kadà akérò ojú títì Kùtọ̀nù, kò ti ju ìró kòkòrò lọ. Ọmọ Gun ni wọ́n. Láti ayé bàbá ọkọ Ṣàrífátù ni wọ́n ti fi ẹnu lásán fún àwọn Nàgó tó wá láti Pobè ní ilẹ̀ láti gbin ẹ̀fọ́. Apẹja wà nínú omi, ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà lókè, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ á ní apẹja ń rùn. Apẹja á ní ẹni tó ń fọwọ́ po ìgbẹ́ adìẹ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, yẹ̀yẹ́ náà ti ń korò. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹja á gòkè wá sójú omi, wọ́n á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ inú ìtẹ́, kí oòrùn tó ga, wọ́n á ti yí ikùn sókè.

Xavier, ọ̀kan nínú àwọn apẹja ìdílé Dáà, ló fara gbá a jù, nítorí àkájà tirẹ̀ ló sún mọ́ oko ẹ̀fọ́ jù. Ẹ̀ka igi ni àkájà, tí apẹja ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi títí á fi dà bí igbó kékeré. Epìyà á wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọ́n á máa jẹ ewédò yọ̀rọ̀ tó ń hù lára igi. Apẹja á fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fi àwọ̀n yí wọn ká. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Xavier ṣí tirẹ̀, ẹja inú rẹ̀ kò kún apẹ̀rẹ̀ ọwọ́.

Dáà kò pariwo nígbà tó wá. Ó jókòó sórí agolo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ fún un, ó mu omi tí wọ́n bù fún un, ó sì sọ ọ́ kúkúrú.

"Bí òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí bá rọ̀ tí ẹja tún kú, ẹ ó ṣí kúrò létí omi. Ẹnu ni mo fi fún yín nílẹ̀. Ẹnu náà ni màá fi gbà á."

Ṣàrífátù yára fèsì. Ó ní odò Wẹ́mẹ̀ ló ń kó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí bọ̀ láti òkè, òun náà ló ń kó tógblé wá, ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń bo ojú omi pátápátá. Ó ní kí wọ́n máà di ẹ̀bi odò ru ẹlẹ́fọ̀ọ́. Xavier, tó dúró lẹ́yìn Dáà, kò bá a jiyàn. Ó kàn béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ìyá Jàmíátù, ìgbà wo ni odò Wẹ́mẹ̀ máa ń kún dé ọ̀dọ̀ wa?"

Ó mọ ìgbà náà dáadáa. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá wà ní ìsinmi gígùn ni. Ẹja sì ń kú ní òjò àkọ́kọ́, nígbà tí eruku ọyẹ́ ò tíì kúrò lára ewé tán. Odò tí kò tíì dé kò lè pa ẹja. Ìbéèrè yẹn há sí Ṣàrífátù lọ́fun bí eegun ẹja. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ilẹ̀ nìkan ló ń bà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù náà tó nǹkan: Sàní ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Parakou, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kì í sí nílé, oko yìí sì ni Ṣàrífátù fọwọ́ ara rẹ̀ sọ di oko láti inú irà, tí sàláàdì rẹ̀ fi ń dé ọjà Gbégamey lórí Jàmíátù ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹni tí kò lè rí ohun tó ń yí kó má wo ibi tó ń yí gbà. Ó ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ rí, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ó kàn fẹ́ mọ bí òwú ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé tòkè ni. Ó tún un tò, ó sì ń rán aṣọ títí di òní.

Ìdí rèé tó fi da omi sórí eérú.

Omi náà kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gba ojú poro. Poro ni ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ebè kan àti ìkejì, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ti tẹ tibí títí ó fi le bí sìmẹ́ńtì. Omi náà kò rì sílẹ̀. Ó gbé eérú sórí, ó ń sáré, bó sì ti ń sáré ló ń bu erùpẹ̀ dúdú jẹ lára ebè lọ́tùn-ún àti lósì, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó gbẹ wẹ́wẹ́. Ṣàrífátù ń sáré tẹ̀ lé e, ìró rẹ̀ ká sókè lọ́wọ́ kan. Agolo kan péré ni, síbẹ̀ omi náà gúnlẹ̀ sínú ọ̀sà, eérú sì là sójú omi bí abẹ̀bẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Mùílíù rò pé orí rẹ̀ ti yí.

"Ẹ wá wo nǹkan, ọkọ mi. Ẹ wo gbogbo poro wa láti ibí. Níbo ni wọ́n dojú kọ?"

Mùílíù wò ó. Kò sí ẹni tó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ebè etí omi náà ló nà láti òkè wá sísàlẹ̀, gbogbo poro ló sì tọ́ sínú ọ̀sà. Iṣẹ́ wọn ló fà á. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà a máa níyọ̀, ẹ̀fọ́ kì í gbà á, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi dídùn ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, ni wọ́n gbẹ́ kànga sí. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ á pọn agolo méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, á sì gba ojú poro gòkè tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún ń bomi rin ebè ọ̀tún, ọwọ́ òsì ń bomi rin ti òsì, lẹ́ẹ̀kan náà, láìfo ebè kankan. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Mùílíù ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọrùn fún ẹsẹ̀, ó dára fún ọwọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé ọ̀nà tó rọrùn fún ẹlẹ́fọ̀ọ́ láti gòkè ló rọrùn fún òjò láti sọ̀ kalẹ̀.

Ṣàrífátù kò dúró jẹun. Ó lọ bá Xavier níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì sọ fún un pé oko òun ló ń pa ẹja, kì í ṣe odò Wẹ́mẹ̀, ó kéré tán ní ìgbà òjò àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú tó bẹ́ẹ̀ tí Xavier fi wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

"Ẹni tó jẹ̀bi kì í dunnú báyìí," ni ó ní.

"Fòfó, ohun tí a bá mọ bó ṣe ń rìn, a lè dá a dúró," ni Ṣàrífátù fèsì, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n bí àwọn Gun ṣe ń pè é.

Xavier ju àwọ̀n sílẹ̀. Ó gbé Ṣàrífátù sínú ọkọ̀ ọpẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tukọ̀ dé ibi àkájà. Ó fa ẹ̀ka kan yọ láti apá tó jìnnà sí oko, ewédò tútù bo ara rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ó fa òmíràn yọ láti apá tó kọjú sí oko. Ẹrẹ̀ ló bo ìyẹn, ẹrẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọdún tó kọjá. Ó ní ẹja kì í jẹ ẹrẹ̀. Ó tún ṣàlàyé èyí tí Ṣàrífátù kò mọ̀: ìgbẹ́ adìẹ tó bá wọ omi lójijì, jíjẹrà ló máa ń jẹrà nínú rẹ̀, jíjẹrà náà sì ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí. Èyí tó bá kù níbẹ̀ ń bọ́ ewédò tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, ìyẹn náà á sì kú, á tún jẹrà. Ìdájí ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kéré jù. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń wá ẹnu ọ̀nà sókè ní ìdájí.

Ṣàrífátù jókòó sínú ọkọ̀, ó ń ronú rẹ̀ lọ ronú rẹ̀ bọ̀. Ohun tó ń mú sàláàdì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ náà ló ń fún ẹja lọ́rùn. Oúnjẹ ebè rẹ̀ ló ń kó ìnira bá Xavier. Bó bá lè dá a dúró sórí oko, ẹ̀fọ́ á jẹ ẹ́, ẹja á sì mí. Ó ní kí Xavier yí ọkọ̀ padà kíákíá, nítorí òun fẹ́ mú ọkọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti oko tirẹ̀. Ó yí ebè padà kí wọ́n dùbúlẹ̀ dábùú òkè, kí òjò tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kọsẹ̀ lára ebè àkọ́kọ́, kó dúró sínú poro rẹ̀, kó máa rì díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá kún jù á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀nà lọ bá èkejì. Ní àárín oko, ó gbẹ́ kòtò kan tí gbogbo poro òkè á máa rọ́ omi sí. Ó mọ̀ láti inú ìkòkò omi ilé pé omi tó ń sáré ló ń gbé ẹrẹ̀, èyí tó bá sinmi á gbé e kalẹ̀. Ó fi bíríkì to ẹnu kòtò náà níhà ìsàlẹ̀ kó fẹ̀, kí omi lè ṣàn kọjá ní pẹlẹbẹ, kó má ya bí ẹnu ìgò. Ní etí ọ̀sà pátápátá, ó gbin koríko olóòórùn dídùn tí wọ́n ń sè mu bíi tíì, ìdì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí ó fi dà bí òòyà tó dúró.

Mùílíù ń wò ó láti oko tirẹ̀, kò sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ó ní ti ẹsẹ̀ òun ni òun ń wò. Bí ebè bá dùbúlẹ̀, ẹni tó pọn omi ní láti máa yí po bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́. "Ìyàwó wa, àga lò ń kàn fún òjò," ó ní. "Òjò ò ní jókòó." Ṣàrífátù nìkan kò sì lè dá a ṣe, nítorí omi oko Mùílíù á tún gba ẹ̀gbẹ́ wọ ọ̀sà, ẹja kò sì ní mọ èyí tó ti oko ta wá.

Kòtò náà ló bá a bẹ Mùílíù. Nígbà tí Ṣàrífátù gbẹ́ ẹ dé bí àyà, ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, lẹ́yìn náà omi ń jáde láti ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò retí rẹ̀. Ó dúró nínú rẹ̀, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, kò níyọ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí kànga mọ́. Ó ń bu omi láàárín oko, ó ń bomi rin apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, kó tó di pé Mùílíù gòkè dé ìdajì ọ̀nà, ó ti parí, ó ti jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mùílíù wo ẹ̀pà náà fún ọjọ́ mélòó kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

"Mi ò ṣe é torí ẹja o," ó ní. "Orúnkún mi ló rán mi."

Wọ́n jọ yí ebè tirẹ̀ náà padà, wọ́n sì gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ yòókù, tí oko wọn wà lápá kejì, wá wo kòtò náà, wọ́n bu omi rẹ̀ tọ́ wò, wọ́n sì lọ mú ọkọ́. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Ṣàrífátù á da omi sórí oko, á tẹ̀ lé e, á fi ẹsẹ̀ dí ibi tó bá fẹ́ já. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ń bẹ̀rù òjò náà, ó sì ń wù ú kó tètè dé, bí ẹni tó rán aṣọ tí ẹni tó ni ín kò tíì wọ̀ wò.

Ó dé ní òwúrọ̀ kan. Ìkùukùu dúdú ṣú bọ̀ láti ìhà Ṣẹ̀mẹ̀, ní ìlà oòrùn, ìjì tutù kan sì kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ àwọn ewé ẹ̀fọ́ gbọma dojú dé. Ṣàrífátù sáré láti ilé, ó dé orí oko, ó dúró lẹ́bàá kòtò, inú rẹ̀ ń dùn. Ìjì náà ló gbé òórùn kan bá a.

Ó yíjú sí èbúté. Ìgbẹ́ adìẹ wà níbẹ̀, òkìtì ńlá, ó tẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ sí omi.

Ọkọ̀ ojú omi láti Àjàṣẹ́ ló gbé e dé lánàá, nígbà tí Ṣàrífátù wà lọ́jà. Mùílíù ló gbà á, ó sì ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ìgbẹ́ adìẹ tuntun a máa gbóná, á jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ nínú àpò, kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ooru rẹ̀ jáde. Etí omi ni wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sí, nítorí àwọn ará ilé tó wà lókè: atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé òórùn lọ sórí ọ̀sà, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń hu ìwà ọmọlúàbí náà sí aládùúgbò, tí ẹja sì ń san án. Ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń yí ebè padà, Ṣàrífátù kò rántí èbúté rárá.

Ó ké sí Mùílíù. Kò sí ìgbà tó ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀ ní orúkọ gan-an rí, ó sì pè é lọ́jọ́ náà. Mùílíù ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń sáré, fìlà rẹ̀ ti ṣubú. Wọ́n wo òkìtì náà, wọ́n wo òkè tí wọ́n máa rù ú lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rù ú tán. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti ń sọ sórí omi, ńláńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Xavier wà nítòsí àkájà rẹ̀, ó wá wo ohun tí òjò á ṣe. Ó rí wọn, ó rí òkìtì náà, kò béèrè nǹkan kan. Ó ti ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté, ó kó àwọ̀n rẹ̀ jù sórí koríko, ó sì ní: "Ẹ kó o síbí."

Wọ́n fi ọkọ́ kó o, wọ́n fi agolo bù ú, nígbà tí ọkọ́ àti agolo kò yá tó, wọ́n fi ọwọ́ gbá a. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹja láti ọjọ́ tó ti wà kún fún ìgbẹ́ adìẹ. Mùílíù ń rẹ́rìn-ín, ó ní lónìí ni ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa mọ ta ló ń rùn. Xavier fa rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bo ọkọ̀ náà, ó jókòó sórí rẹ̀ kí ìjì má gbé e. Òjò sì já.

"Bí ìyàwó mi bá gbóòórùn mi lónìí," Xavier ní láàárín òjò, "inú àkájà ni màá sùn."

Ṣàrífátù kò gbọ́ ìyókù. Ó ti sáré gòkè. Òjò náà ń lù ú lójú, kò lè la ojú tán, ṣùgbọ́n ó rí poro àkọ́kọ́ tó kún, tí omi inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, tó ń tàn bí dígí. Ó rí èkejì. Ó rí omi tó gba igun ebè wọ ẹ̀kẹta láìsáré, bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Kòtò àárín ti kún, ó ń yí, ó dúdú bí omi àgbo, àárín rẹ̀ sì ń gbé ẹrẹ̀ mì. Ní ẹnu bíríkì, omi ń ṣàn jáde ní pẹlẹbẹ, ó tinrin, ó wọ inú koríko lọ, gbogbo koríko náà ń tẹríba fún un. Ó sáré dé etí ọ̀sà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi tó gba inú koríko jáde. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọn kò jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Ó rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó kígbe pe Mùílíù kó wá wò ó. Mùílíù kò wá. Nígbà tó yíjú, ó rí omi dúdú kan tó ń tú jáde láti oko Mùílíù, ó nípọn, ó ń sáré, ó forí lé ọ̀sà gbọọrọ. Mùílíù dúró lẹ́bàá rẹ̀, ojú ń tì í. Nígbà tí wọ́n ń yí ebè padà, ó ti fi poro àtijọ́ kan sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, èyí tó tọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí orúnkún òun lè rí ọ̀nà àbùjá.

Kò sí àyè ìbáwí. Ṣàrífátù gbá ọkọ́ mú, ó ń fa erùpẹ̀ láti dí i, omi sì ń gbé e lọ bó ti ń fà á. Ó ní ó nílò ohun tó wúwo. Mùílíù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó sínú poro. Ó jókòó bámú, ẹ̀yìn rẹ̀ sí òkè, omi náà dé ibi ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró, ó yà sínú poro tuntun. Ó wà níbẹ̀, omi ìgbẹ́ adìẹ ń ṣàn yí ìdí rẹ̀ po, nígbà tí Ṣàrífátù ń to erùpẹ̀ àti koríko síwájú rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ má mira."

"Ibo ni màá mira lọ? Èmi ni ebè báyìí."

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ìdí Mùílíù ti tutù débi pé ó ní kí wọ́n fa òun yọ. Wọ́n wo omi ọ̀sà. Ó ti yí àwọ̀ díẹ̀ níbi tí poro Mùílíù ti tú jáde. Bóyá ó pọ̀ jù, bóyá kò pọ̀, ẹja nìkan ló lè dáhùn, ìdájí sì ni wọ́n máa ń dáhùn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí Ṣàrífátù tó kírun tán ni ọkàn rẹ̀ ti wà létí omi. Ó bá Dáà níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Xavier gbé àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ tó ti fọ̀, tó ṣì ń rùn, wọ́n sì rọra tukọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ àkájà. Ọ̀sà náà dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ìhà Ṣẹ̀mẹ̀. Láàárín igi, Ṣàrífátù rí ẹnu kan tó yọ sókè, ó là, ó padé. Lẹ́yìn náà òmíràn. Lẹ́yìn náà púpọ̀, òrùka kéékèèké ń fẹ̀ lójú omi.

Ṣàrífátù ti ń rò bí yóò ṣe sọ fún Sàní pé ilẹ̀ ti lọ. Dáà wo Xavier.

Xavier gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá ara ọkọ̀, pá.

Ojú omi fọ́. Gbogbo ẹnu náà wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ẹja kọ mànà lábẹ́ omi, wọ́n sá wọ inú igi títí ẹ̀ka fi mì. Ó dúró, ó tún gbá a. Kò sí èyí tó jáde mọ́.

"Ẹja tí kò rí afẹ́fẹ́ mí kì í gbọ́ pá," Xavier ní. "O lè fọwọ́ kó o. Àwọn wọ̀nyí ń jẹ kòkòrò tí òjò gbé wá ni. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ, Ìyá Jàmíátù."

Ó di ẹ̀ka kan mú, ó fà á sókè láti apá tó kọjú sí oko. Ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ewédò tín-ín-rín tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ṣàrífátù gba ẹ̀ka náà, ó fọwọ́ pa á, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí èbúté, Mùílíù ti wà níbẹ̀, ó ń wo ojú wọn. Dáà sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè lọ sórí oko, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ dán poro wò. Ó dúró lẹ́bàá kòtò, níbi tí omi ti rọlẹ̀, tí ẹrẹ̀ dúdú sì jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó nípọn bí ẹ̀kọ. Ó béèrè ohun tí wọ́n máa fi ìyẹn ṣe. Ṣàrífátù ní òun á kó o padà sórí ebè, nítorí ilẹ̀ òun ni, ó kàn fẹ́ rìnrìn àjò ni. Ó ní ìgbẹ́ adìẹ kò ní sùn sétí omi mọ́ láéláé. Òkè ni wọ́n á máa tẹ́ ẹ sí, lábẹ́ rọ́bà, àwọn á sì lọ bẹ àwọn ará ilé òkè fún òórùn rẹ̀.

Dáà mi orí. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí òkè.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ìdílé mi wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn igi mángòrò yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà dà gẹ́rẹ́ wọ omi." Ó yíjú sí Ṣàrífátù. "Ìgbà wo lo máa mú eérú rẹ lọ síbẹ̀?"

Mùílíù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́. Ṣàrífátù tún ìborùn rẹ̀ wé dáadáa. Ó ní eérú òun á dé ibẹ̀ lónìí, agolo omi náà á dé, òun fúnra òun á sì dúró lábẹ́ igi mángòrò láti máa wo ibi tí omi ń gbà, kí Fòfó Xavier bá òun dà á, nítorí ó ti ń rùn tẹ́lẹ̀.

Dáà rẹ́rìn-ín, ó sì ń lọ. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà ó yíjú padà, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gbin koríko náà síwájú sí i, kí wọ́n gbà á láti ẹ̀yìn ilé òun, ó pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dàgbà dáadáa. Ó ní ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tó rí i bó ṣe ń ṣe é.

Ṣàrífátù wọ inú kòtò lọ láti kó ẹrẹ̀, kò sì jáde títí oòrùn fi mú.